Ẹni Tó Ń Darí Àdúrà Tí Kò Gba Àdúrà Gbọ́

Ní ọdún 1952, ọkùnrin kan tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ di ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Táí Ṣólàrín ni mò ń wí. Mólúsì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ilé-ẹ̀kọ́ náà, ara orúkọ oyè Orímolúsì, ọba ìlú, ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ. S. O. Awókọ́yà, ọmọ ìlú Awà, ló wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kó tó lọ di mínísítà tó gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kalẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955. Láyé ìgbà náà, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe olùkọ́ nìkan. Bí agogo àárọ̀ bá ti lù, òun ni yóò dúró níwájú, òun ni yóò ní kí wọ́n kọrin, òun ni yóò ní kí wọ́n dijú. Òbí tó ta kòkó kó tó rówó ilé-ẹ̀kọ́ san kò torí ìṣirò nìkan rán ọmọ rẹ̀ wá. Ó fẹ́ kí ọmọ náà mọ Ọlọ́run pẹ̀lú.

Ṣólàrín mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ. Wesley Kọ́lẹ́ẹ̀jì n'Ìbàdàn, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ló ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ká ní ó dijú ní ìṣẹ́jú mélòó kan láàárọ̀, kó wúre, kó ṣe "Àmín", ta ni ì bá mọ̀? Owó oṣù rẹ̀ ì bá máa wọlé, ilé tó ń gbé kò ní bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn àgbà ìlú ì bá sì máa kí i kú iṣẹ́. Kò ṣe é. Ó dúró lórí pé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀, iṣẹ́ ẹ̀sìn lọ́tọ̀, nígbà tí òun àti àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀, ó gbéra. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1956, ó dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ìlú tí wọ́n bí i sí, ilé-ẹ̀kọ́ tí kò sí àdúrà àárọ̀ níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé Ṣólàrín kì í ṣe àlùfáà, bẹ́ẹ̀ ni kò pe ara rẹ̀ ní wòlíì rí. Síbẹ̀ òun ni mo fi ṣáájú, nítorí ìbéèrè tó dojú kọ ọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó náà ló dojú kọ gbogbo ẹni tó bá ń dúró níwájú àwọn olùjọ́sìn. Ṣé dandan ni kí ẹni tó ń tọ́ ẹlòmíràn sọ́nà Ọlọ́run gba ohun tó ń sọ gbọ́? Yorùbá ní ẹni tó máa yá ni lẹ́wù, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹni parí bá a bá fi òwe yìí dá a. Àmọ́ òwe abẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀: ìhòòhò ló wà, òun ló sì ń rán aṣọ tí gbogbo wa ń wọ̀ jáde.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé, tá a bá gbé ìbéèrè yìí tọ àwọn ẹ̀sìn mẹ́ta tó wà láàárín wa lọ, ìdí abẹ́rẹ́ ni wọ́n sún mọ́ jù. Ní Àríwá Áfíríkà, ní nǹkan bí 1,700 ọdún sẹ́yìn, inúnibíni dé bá àwọn Kristẹni, àwọn àlùfáà kan sì fi Ìwé Mímọ́ lé àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́ kí wọ́n má bàa pa wọ́n. Nígbà tí ayé rọ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní Donatist ní ìrìbọmi tó bá tọwọ́ irú àlùfáà bẹ́ẹ̀ wá, asán ni. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo, ta kò wọ́n. Ó ní Kristi ló ń rini bọmi, kì í ṣe ọwọ́ àlùfáà, ibẹ̀ náà sì ni ìdájọ́ fì sí nígbà tí wọ́n ṣèpàdé ní Carthage lọ́dún 411. Ìjọ Áńgílíkà gba èrò yìí wọlé, ó wà ní Abala 26 nínú Abala Ẹ̀sìn 39 wọn: ìwà burúkú òjíṣẹ́ kò ba sákírámẹ́ǹtì jẹ́ fún ẹni tó fi ìgbàgbọ́ gbà á.

Mùsùlùmí tó dúró lẹ́yìn lemọ́ọ̀mù, àníyàn tirẹ̀ ló gbé wá síwájú Ọlọ́run. Kò sí ẹni tó ní kó kọ́kọ́ yẹ ọkàn lemọ́ọ̀mù wò kó tó fi orí kanlẹ̀. Ti Ifá ló wá ya ni lẹ́nu jù. Ẹni tó lọ ṣèbéèrè lọ́dọ̀ babaláwo kì í ro ẹjọ́ fún un. Owó ni yóò gbé sún mọ́ ẹnu, yóò sọ ohun tó bá a wá sí i lára wúyẹ́wúyẹ́, yóò sì gbé e kalẹ̀. Babaláwo á da ọ̀pẹ̀lẹ̀, á máa ki ẹsẹ tó wà nínú odù tó yọ, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ni yóò sì mọ ẹsẹ tó bá tirẹ̀ mu. Àwọn baba wa ti ro ó tẹ́lẹ̀ pé ọkàn babaláwo lè máà mọ́, wọ́n wá ṣètò iṣẹ́ náà kí ọkàn rẹ̀ má fi bẹ́ẹ̀ ráyè níbẹ̀.

Mo fara mọ́ gbogbo èyí. Bí wọ́n bá fi hàn lọ́la pé olùṣọ́àgùntàn tó so yín pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Àgọ́-Ìwòyè kò gba nǹkankan gbọ́ lọ́jọ́ náà, ìgbéyàwó yín kò tú. Ẹ má ṣe dààmú. Ṣùgbọ́n nítorí ìfọ̀kànbalẹ̀ ọmọ ìjọ ni wọ́n ṣe dá ẹjọ́ náà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe láti fi dá olórí láre. Pé àdúrà gbà, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ẹni tó gbàdúrà nìyẹn. Irú ènìyàn wo ló ń darí àdúrà náà? Ọ̀rọ̀ ìwà nìyẹn, ìwà sì ni ọmọlúàbí.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kan náà, nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú Ṣólàrín, ẹnì kan ti san irú gbèsè tí òun san, láti ìhà kejì. Lọ́dún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn burúkú ń pa ayé run, àwọn kan ní ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's, Ìjẹ̀bú-Òde, bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àdúrà tí a mọ̀ sí Òkúta Iyebíye. Joseph Ṣàdáre, alágbẹ̀dẹ wúrà, wà lára àwọn àgbà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Sophia Ọdúnlámì, ọ̀dọ́mọbìnrin tó jẹ́ olùkọ́. Wọ́n gbà gbọ́ pé àdúrà nìkan tó fún ìwòsàn, wọ́n sì ní ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ kò tọ̀nà. Ìjọ ní kí wọ́n jáwọ́. Ṣàdáre lè dákẹ́, kó máa jókòó ní Sínọ́ọ̀dù rẹ̀, kó sì máa gba tirẹ̀ gbọ́ ní yàrá. Kò dákẹ́. Ó kúrò ní Sínọ́ọ̀dù, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú wọn, nígbà tó sì di 1922, wọ́n jáde pátápátá. Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú gbòǹgbò Christ Apostolic Church wà.

Èmi kò gbà pẹ̀lú Ṣàdáre lórí oògùn. N kò sì gbà pẹ̀lú Ṣólàrín lórí Ọlọ́run. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó sínú yàrá kan, wọn ì bá bára wọn jiyàn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣùgbọ́n tá a bá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n ọmọlúàbí, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n tẹ̀: ohun tó wà nínú wọn ló wà lẹ́nu wọn, wọ́n sì fi oúnjẹ wọn dúró fún un.

Ó rọrùn láti yìn wọ́n. Ti ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí kò rọrùn. Ẹ jẹ́ ká fi ọkàn ya olùṣọ́àgùntàn kan ní ìletò létí ọ̀sà, ní ìhà Ìwópin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside. Ẹni àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ni. Ìjọ ló rán an wá, ilé ìjọ ló ń gbé, Ìyá Ìjọ ni gbogbo èèyàn ń pe ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ méjì sì wà níléèwé. Ó ti sin àwọn tí ọkọ̀ dà nù pẹ̀lú wọn. Ó ti gbààwẹ̀ ọjọ́ méje lórí ọmọ kan tí ibà ń bá jà, ọmọ náà sì kú lọ́jọ́ kejìlá. Kò mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ó kúnlẹ̀, kò sì rí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn lóru, òun ni yóò wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sọ́sípítù. Òun ni yóò parí ìjà láàárín apẹja méjì lórí àwọ̀n. Àwọn opó mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ṣé òpùrọ́ ni ọkùnrin yìí? N kò lè fi ẹnu mi pè é bẹ́ẹ̀. Inú rere tó ń ṣe, òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ tó fi ń rìn lóru kì í ṣe ẹsẹ̀ àgàbàgebè. Bó bá dúró lórí pẹpẹ tó ní, "Ìwé wa sọ báyìí," tàbí "Ohun tí ìjọ wa gbà gbọ́ nìyí," òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá ní, "Olúwa bá mi sọ̀rọ̀ lóru àná, ó ní kí ìyá yìí ta ọkọ̀ ojú omi ọkọ rẹ̀, kó mú owó náà wá sínú ilé Ọlọ́run," ọjọ́ náà ló kọjá ààlà. Ìyá yẹn kò ní ohun mìíràn tó lè fi díwọ̀n ọ̀rọ̀ náà ju ojú olùṣọ́ rẹ̀ lọ. Ojú náà ló rà, ojú náà sì ti ṣófo. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, "ó sọ fún mi," àmọ́ orí rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ dá lé, lójú tèmi.

Bí ọkùnrin náà bá ṣiyèméjì nìkan ńkọ́, tí iná rẹ̀ kò tíì kú tán? Iyèméjì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Lọ́dún 2007, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí Mother Teresa ti Calcutta kú, wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà rẹ̀ jáde, a sì rí i pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lobìnrin náà fi wà nínú òkùnkùn, tó ń gbàdúrà tí kò gbọ́ ohùn kankan. Ó sì ń gbé àwọn tó ń kú lọ nílẹ̀ ní títì. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí ni pé kò fi pa mọ́ fún gbogbo ènìyàn. Àwọn àlùfáà tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ mọ̀. Ó ní ẹni tó ń finú hàn. Olùṣọ́ ìhà Ìwópin mi kò ní ẹnì kan, ibẹ̀ gan-an ni iyèméjì rẹ̀ ti ń jẹrà di irọ́.

Mo ya irú ọkùnrin yìí sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára àwọn tí kò ní ìgbàgbọ́ kankan láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n wọ aṣọ wòlíì bí ẹni wọ aṣọ iṣẹ́. Wọlé Ṣóyínká ti ya àwòrán wọn fún wa láti 1960, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré The Trials of Brother Jero ní Mellanby Hall, Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Wòlíì etíkun ni Jero, oníbàárà ló sì ń pe àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ nínú ọkàn. Ẹ lọ sí Àgọ́-Ìwòyè nígbà ìdánwò, ibi tí yunifásítì ti wà láti 1982, ẹ ó rí àwọn ọmọ Jero tí wọ́n ń ta òróró fún ọmọ ogún ọdún tí kò kàwé. Ọ̀rọ̀ tiwọn kò gba àròkọ. Olè ni wọ́n, bó ti wù kí agbádá wọn funfun tó.

Ti ẹni tó gbàgbọ́ rí, tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ tán, ló ń dùn mí. Lọ́dún 2010, Daniel Dennett àti Linda LaScola ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn olùṣọ́àgùntàn márùn-ún tí wọn kò gbàgbọ́ mọ́, tí wọ́n ṣì ń wàásù. Ohun tó dè wọ́n mọ́lẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ kò ju èyí lọ, ìdílé wọn ń jẹun nídìí rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé àwọn èèyàn tí wọ́n fẹ́ràn yóò kẹ̀yìn sí wọn. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ojú mi kúrò lára àwọn olùṣọ́, ó wá sára àwa ìjọ. Ṣólàrín rí ibi lọ. Ó kàwé, ó ní Ìkẹ́nnẹ́, ó sì ní Sheila, ìyàwó rẹ̀, tó bá a kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ṣàdáre ní iṣẹ́ wúrà lọ́wọ́. Kí ni olùṣọ́ etí ọ̀sà ní? Ọjọ́ tó bá sọ òótọ́ ni a óò kó ẹrù rẹ̀ síta, a ó sì máa fi orúkọ rẹ̀ wàásù fún ọdún mẹ́ta. A ń béèrè òtítọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ a ti ti gbogbo ilẹ̀kùn tó yẹ kó gbà jáde.

Èyí kò dá a láre. Ìdájọ́ mi dúró: ẹni tí kò gbàgbọ́ mọ́ kò gbọdọ̀ máa sọ pé Ọlọ́run rán òun, bó bá sì mọ̀ pé òun kò lè wàásù láìsọ ọ́, kó sọ̀ kalẹ̀. Ìrora ni. Ọmọlúàbí kì í fi irọ́ wá oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ àti ẹ̀yin àgbà mọ́ṣáláṣí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Abigi àti Ìbíadé, ẹ̀yin ni mò ń bẹ̀. Ẹ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún tí ẹ óò fi gba ilé fún ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, fún ọdún kan ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ohun tí àwọn olórí ẹ̀sìn yín ń kọ́ kí ẹ tó fi wọ́n joyè. Ẹ yan àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ jáde, tí olùṣọ́ yín lè tọ̀ lọ lálẹ́, kó sọ fún un pé, "Baba, n kò gbọ́ ohùn kankan mọ́." Lọ́jọ́ tó bá wá, ẹ má lé e.