Oorun Nínú Ilé Ẹrú

Ọmọ ilé-kéú wa kan ni ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. A kó wọn wọ mọ́tò ní Ìyànà-Ìbà, a gba Òkòkòmáìkò kọjá lọ sí Àgbádárìgì, a lọ wo àgbàlá Séríkì Williams Abass létí ọ̀sà, níbi tí wọ́n ń há ẹrú mọ́ inú yàrá 40. Atẹ́gùn omi fẹ́ sí ọmọ náà lára, ó ní: "Àfáà, ibí yìí ì bá dára fún hòtẹ́ẹ̀lì." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan bú sẹ́kún.

Ta ni ó jàre nínú wọn? Ohun tí ọmọkùnrin yẹn wí kì í ṣe àlá. Ní Senya Beraku ní ilẹ̀ Gáná, odi kan wà létí òkun tí àwọn ará Hólàǹdì kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1700. Ìrètí Rere ni wọ́n sọ ọ́ (ẹ gbọ́ orúkọ!). Ní 1715 wọ́n fẹ̀ ẹ́ kí ó lè gba ẹrú. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sọ apá kan rẹ̀ di ilé àlejò. Arìnrìn-àjò sanwó, ó sì sùn.

Ẹni tí ara rẹ̀ bù máṣọ yóò rántí al-Hijr, ibùgbé àwọn Thamúdù. Nígbà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń lọ sí Tàbúùkù, ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ àfi pẹ̀lú ẹkún, ó sì yára kọjá. Ẹlòmíràn yóò ní ilẹ̀ mọ́sálásí Ànábì ní Mọdíínà pàápàá, sàréè àwọn abọ̀rìṣà àti àwókù ilé ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n hú wọn kúrò, wọ́n tẹ́ ilẹ̀, wọ́n kírun. Ṣùgbọ́n ará al-Hijr ni ó ṣẹ̀. Àwọn tí wọ́n há mọ́ Àgbádárìgì, àwọn ni a ṣẹ̀.

Oorun fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ Séríkì ṣì ń gbé inú àgbàlá yẹn, wọ́n ń dáná, wọ́n ń tọ́mọ. Ohun tí ó bà wá lẹ́rù ni ọ̀dà funfun. Séríkì, ọmọ Ìjogà-Orílé, ẹrú ni òun náà kọ́kọ́ jẹ́. Wọ́n gbé e dé Bùràsíìlì. Nígbà tí ó padà, ó di oníṣòwò ẹrú, ó sì di Séríkì Mùsùlùmí. Ó kú ní 1919. Ara wa ni. Onílé ìtura wo ni yóò sọ èyí fún àlejò kí ó tó fún un ní kọ́kọ́rọ́?

Síbẹ̀, ilé tí kò sí ẹni tí ń náwó lé e lórí, wíwó ni. Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Tinúbú, tí ìjọba ti kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956, wọ́n wó o palẹ̀ ní 2016. Nítorí náà a kò lè ka hòtẹ́ẹ̀lì léèwọ̀ pátápátá. Kí wọ́n gbàlejò nínú ilé ọ̀gá. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ́ ibùsùn sínú yàrá ẹrú.

A sọ èyí fún ọmọ náà nínú mọ́tò. Ó dákẹ́ títí a fi dé Òkòkòmáìkò, ó wá béèrè pé: "Àfáà, owó yàrá náà, ta ni wọn yóò máa san án fún?" A kò tí ì dá a lóhùn.