Ogún Baba àti Àlàáfíà Aládùúgbò

Bí iṣẹ́ tí baba fi sílẹ̀ bá ń kú lọ, ǹjẹ́ ọmọ tí ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ti ṣẹ̀ sí baba rẹ̀ bí? Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ogún wà lọ́wọ́ rẹ̀ rò ó.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn àgbẹ̀ ọlọ́sàn ní Flórídà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó wà nínú wọn tí baba àti baba-ńlá rẹ̀ ti gbin ọsàn. Nígbà tí òtútù tí ń sọ omi di yìnyín pa igi wọn ní ọdún 1894 àti 1895, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣí lọ sí ìhà gúúsù, wọ́n sì tún gbìn. Ní ìkórè ọdún 1997 sí 1998, ọsàn wọn tó àpótí mílíọ̀nù 244.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2005 a rí àrùn kan nínú oko wọn, èyí tí kòkòrò kékeré ń gbé láti igi dé igi. A máa dí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà nínú igi. Èso a kéré, a korò, a sì bọ́ sílẹ̀ ṣáájú àkókò. A kò tí ì rí oògùn tí ó wò ó sàn. Àrùn yìí, ìjì líle àti títa ilẹ̀ fún àwọn akọ́lé dín ọsàn kù, tó bẹ́ẹ̀ tí ìkórè ọdún 2024 sí 2025 kò tó àpótí mílíọ̀nù 13.

Ẹni tí kò lè tọ́jú oko mọ́ lè máa tijú láti hú igi tí baba rẹ̀ gbìn, kí ó sì jẹ́ kí oko di igbó. Níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀bi wà. Nínú irú oko bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò náà ń pọ̀ sí, tí ó sì ń fò lọ bá igi aládùúgbò tí ó ṣì ń làkàkà. Àwọn àgbà wa wí pé, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ẹnìkan lè wí pé orúkọ baba yóò parun. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn tí òtútù pa igi wọn kò jókòó ti kùkùté. Aápọn wọn ni ogún, kì í ṣe igi. Kí ẹni tí ó lè tọ́jú máa tọ́jú. Kí ẹni tí kò lè ṣe é mọ́ hú igi aláìsàn náà, bí ó tilẹ̀ dùn ún, kí ó má ṣe fi ọ̀wọ̀ baba pa ọmọnìkejì lára.