Ta Ló Ń San Owó Bóyá?

Ìbéèrè kan wà tí àwa méjì tí a jọ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn ti ń gbé kiri láti ọdún tó kọjá, a ò sì rí i gbé sílẹ̀. Òun náà rèé: bí oníṣẹ́ kan kò bá mọ ohun tó ṣe iṣẹ́ tí a gbé síwájú rẹ̀, àmọ́ tó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀, tó sì gba owó lé e lórí, ṣé irọ́ ló pa ni, àbí àṣìṣe lásán ló ṣe? Ẹ má tètè dáhùn o. Àwa náà tètè dáhùn nígbà náà, ojú sì padà tì wá.

Ọkọ̀ ló bí ìbéèrè yìí. Tòkunbọ̀ ni, ọdún 2004 ni wọ́n ṣe é, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́rin, àwa méjèèjì la dáwó jọ rà á. Lọ́jọ́ Sátidé kan, a ń bọ̀ láti Èkó. Ìyá ọ̀kan nínú wa jókòó sẹ́yìn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún wọn ni. A ti kọjá Ṣàgámù, ó ku díẹ̀ ká dé Ògùnmákin, ni ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. A tẹná mọ́ ọn, kò lọ. Àmì ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú awakọ̀ ń tàn, ó ń kú, ó tún ń tàn. Tírélà kan ń bọ̀ lẹ́yìn, fèrè rẹ̀ ń dún bí ẹni pé inú ọkọ̀ wa ló wà. A fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tagbáratagbára. Màmá tí wọ́n dì lójú kan béèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé kò sí?" A ní kò sí. Irọ́ àkọ́kọ́ nínú ìtàn yìí nìyẹn, àwa la sì pa á.

Ohun tó ṣe ọkọ̀ wa ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kí ẹ́ńjìnnì máa míìsì. Kí iná tó lè ràn nínú sílíńdà kan, nǹkan mẹ́rin gbọ́dọ̀ pé: epo, afẹ́fẹ́, iná láti ẹnu púlọ́ọ̀gì, àti agbára láti fún epo àti afẹ́fẹ́ yẹn pọ̀ láìjò. Bí ẹ́ńjìnnì irú tiwa bá ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tan iná nígbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Kọ́ìlì tó wà lórí rẹ̀ ló ń sọ iná bátìrì, tí kò ju fóòtì 12 lọ, di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì kí ó tó lè ta. Bí ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́rin yìí bá yẹ̀, sílíńdà yẹn ti di ẹrù. Ó dà bí èèyàn mẹ́rin tó ń gbé pósí, tí ẹnì kẹrin wá jáwọ́, tó tún so mọ́ ọn. Epo tí kò sì jóná ń gba inú sàlẹ́ǹsà lọ, ó lè ba ohun tó ń fọ èéfín níbẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí àmì náà fi ń ṣẹ́jú dípò kó kàn tàn: ó ń bẹ awakọ̀ pé kó rọra.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì wa. Wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n ní, "Púlọ́ọ̀gì ni. Ẹ lọ ra mẹ́rin wá." A lọ sí Gate, a ra mẹ́rin. Ọkọ̀ ń lọ geere fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Pọ́ǹpù epo ni." A ra pọ́ǹpù, kò yí nǹkan kan padà. "Á jẹ́ pé brain box ni." Ibẹ̀ la ti dúró, torí owó brain box tí wọ́n dá lé wa ju owó oṣù ọmọkùnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́ lọ. Inú bí wa. A ní babaláwo tó mọṣẹ́ kì í ní ká lọ ra ewúrẹ́ wá kó tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé àwa gbọ́n, ẹ gbọ́ tiwa. A ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rọ̀ inú brain box, èyí tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Láti mọ́dẹ́lì 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ojú ihò tí a ń ki irú ẹ̀rọ yìí sí. Ó kọ P0302 síwájú wa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sílíńdà kejì ń míìsì. Ẹ̀rín wa kún ilé. Kọ̀ǹpútà ti sọ̀rọ̀, iṣẹ́ wa sì nìyẹn! A ní nọ́súlù tó ń fọ́n epo sí sílíńdà kejì ló dí. A ra nọ́súlù, a ní kí wọ́n fi sí i. Ọkọ̀ ń gbọ̀n lọ.

Ṣé ẹ rí i, ibi tó ń dun ẹ́ńjìnnì ni kóòdù yẹn sọ, kò sọ ohun tó ń dùn ún. Orí tó ń fọ́ èèyàn lè jẹ́ ti ibà, ó lè jẹ́ ti ebi, ó sì lè jẹ́ ti gbèsè.

Bọ̀dá kan ní Àpáta la padà gbé e lọ bá. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu wọn jáde ni, "N ò tíì mọ̀." Ká sọ òótọ́, a wo ara wa lójú, ó kù díẹ̀ ká wọkọ̀ ká lọ. Wọ́n béèrè: ṣé àárọ̀ ló máa ń ṣe é, àbí ìgbà tó bá ti gbóná? Ṣé tó bá ń gun òkè ni? Ṣé òjò ti rọ̀ sí i? Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ kọ́ìlì sílíńdà kejì, wọ́n fi sórí ìkẹta, wọ́n sì gbé ti ìkẹta wá sórí ìkejì. Wọn ò ní ká ra nǹkan kan. "Ẹ máa wà á lọ. Tó bá tún gbọ̀n, ẹ kà á, kí ẹ padà wá."

Lọ́jọ́ kejì ó gbọ̀n. Kóòdù ti di P0303. Àìsàn ti bá kọ́ìlì ṣí lọ sí ilé kẹta. Ẹlẹ́bi ti fara hàn láìná kọ́bọ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Bọ̀dá fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò tí púlọ́ọ̀gì kejì ń gbé, ọ́ìlì wà níbẹ̀. Rọ́bà tó yẹ kó dí ọ́ìlì mọ́ òkè ti gbó, ọ́ìlì ń kán sínú ihò náà díẹ̀díẹ̀, òun ló ba ẹnu kọ́ìlì jẹ́. Ìgbà yẹn ló yé wa ìdí tí púlọ́ọ̀gì tuntun fi "ṣiṣẹ́" fún ọ̀sẹ̀ kan: ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá ló fi àkísà nu ihò náà kó tó fi tuntun sí i. Ká ní kọ́ìlì nìkan la pààrọ̀, ọ́ìlì ìbá tún bà á jẹ́. A ra kọ́ìlì kan, a ra gásíkẹ́ẹ̀tì. Owó méjèèjì kò tó ìdajì ohun tí a ti ná lórí bóyá.

A wá ń fi ọ̀gá àkọ́kọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọ́fíìsì, títí di ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wa dákẹ́ lójijì tó ní, "Ṣé kì í ṣe ohun tí a ṣe fún àwọn ìyá yẹn nìyí?"

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ló gbéṣẹ́ fún wa nígbà kan, ètò tí wọ́n fi ń kọ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀. Tó bá di ìparí oṣù, ètò náà á dì gbagidi. A ò mọ ohun tó ń ṣe é, àmọ́ a sọ fún wọn láìmikàn pé, "Sáfà yín ló kéré." Wọ́n dáwó, wọ́n gba èyí tó tóbi. Ó lọ dáadáa fún oṣù méjì, ó tún dì. Nígbà tí a wá jókòó wò ó, ọwọ́ wa ni àléébù náà wà: ètò wa ń ṣílẹ̀kùn sí ibi tí a kó àkọsílẹ̀ sí, kì í sì í tì í padà. Bí ẹni tó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ ni, tó wá ní kí onílé lọ ra gáráwá tó tóbi sí i. A tún un ṣe ní òru kan. A ò sọ fún wọn. Owó gáráwá náà, owó aláta àti aláṣọ ni.

Nítorí náà a padà sọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì, kì í ṣe láti bá wọn jà. A ní, "Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ò sọ pé ẹ ò tíì mọ̀?" Wọ́n nuwọ́, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, ká ní mo sọ bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ máa jókòó?"

A ò rí èsì fọ̀. Ẹ rántí pé ó kù díẹ̀ ká sá fún Bọ̀dá Àpáta.

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ náà dé rèé. Bóyá fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí oníṣẹ́ tí kò ní gba ojú bóyá kọjá, dókítà ni o, télọ̀ ni o. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni kí bóyá wà nínú wa, ká yọ ọ́ kúrò lẹ́nu, kí ẹlòmíì wá san owó rẹ̀ láìmọ̀. Irọ́ ni ká pè é, kódà bí bóyá náà bá padà jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ẹni tí kì í fẹ́ gbọ́ "n ò tíì mọ̀" ti dá sí irọ́ náà. Àwa oníbàárà là ń fi owó wa kọ́ oníṣẹ́ pé ìdánilójú ló ń tà.

A lọ bá àwọn ìyá náà, a jẹ́wọ́, a sì ń ṣiṣẹ́ wọn láìgbowó títí iye yẹn yóò fi pé. Nínú ìwé owó wa báyìí, ìlà mẹ́ta ló ń ṣáájú: ohun tí a mọ̀, ohun tí a rò, ohun tí a kò tíì mọ̀. Oníbàárà kan ka ìlà kẹta, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbòmíì. Ó dùn wá, irọ́ kọ́.

Lóṣù tó kọjá, a tún gbé Màmá lọ síbi àyẹ̀wò ojú. Nígbà tí a dé Ògùnmákin, wọ́n béèrè pé, "Ṣé kò sí?"

A ní, "A rò pé kò sí, Màmá. A ṣì ń gbọ́ ìró rẹ̀ ni."

Wọ́n ní, "Ẹ rọra wà á nígbà náà."