Àánú Tí A Ṣe fún Ológbò, Ta Ni Yóò San Owó Rẹ̀?

Kò sí ẹ̀sìn kan nínú àwọn tí ó fìdí múlẹ̀ láàárín wa tí ó fi ẹranko sílẹ̀ láìní alágbàwí. Àwọn baba wa ni wọ́n wí pé màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin. Ìwé Òwe ka ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn mọ́ ìwà olódodo. Àwọn Mùsùlùmí sì mọ ìtàn obìnrin tí ó ti ológbò mọ́lé, tí kò fún un lóúnjẹ, tí kò sì jẹ́ kí ó jáde lọ ṣọdẹ, títí ẹranko náà fi kú, tí Ànábì sì sọ pé nítorí ológbò yìí ni obìnrin náà ṣe di èrò iná. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá rí ọmọ ológìnní, ìbátan ẹkùn, arìn-jẹ́jẹ́ bí ọmọ ọba, tí ojú rẹ̀ wú, tí ipin ti lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ̀ tí kò lè là á, tí onítọ̀hún sì ń sáré wá oògùn, ta ni yóò dá a lẹ́jọ́? Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lẹ́yìn èyí tí a kì í sábà bi ara wa: bí àánú tí mo ṣe fún ẹni tí mo rí bá di ìpalára fún ẹni tí n kò rí, ǹjẹ́ àánú ni a ó ṣì máa pè é?

Àrùn ojú ológbò kì í ṣe ẹyọ kan. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀, pàápàá hẹ́pẹ́ẹ̀sì ti ológbò, oògùn apakòkòrò tí gbogbo wa mọ̀ sí àǹtíbáyótíìkì kò sì lè tu irun kan lára fáírọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n bakitéríà kan wà, Chlamydia felis lorúkọ rẹ̀, tí ó máa ń dààmú àwọn ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọdún kan. Ojú kan ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ mú: ojú náà yóò pọ́n, ẹran inú ìpéǹpéjú yóò wú jáde bí ẹni pé ó fẹ́ bo ẹyinjú, omi yóò máa sun níbẹ̀, omi náà yóò sì ki títí yóò fi di ipin; kí ọjọ́ mélòó kan tó kọjá, ojú kejì ti gbà á. Oògùn ìkunjú nìkan kò tó o, nítorí pé kì í ṣe inú ojú nìkan ni kòkòrò náà ń gbé. Doxycycline, àǹtíbáyótíìkì tí a ń gbé mì, ni àwọn dókítà ẹran máa ń fún un, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, gbogbo ológbò inú ilé ni yóò sì lò ó, àti èyí tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Oúnjẹ tàbí omi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé oògùn yìí, nítorí bí ó bá há sọ́nà ọ̀fun ológbò, ó lè jó o.

Ojú sì máa ń mọ́ tipẹ́tipẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé. Níbẹ̀ gan-an ni a ti ń dán àánú wò. Ológbò ti ń ṣeré, ó ń bá ẹni tí ń fún un lóògùn jà, ó ń fi èékánná ya á lọ́wọ́, owó sì ń lọ. Olówó rẹ̀ bá kó ìyókù oògùn sínú àpótí. Èmi gbà pé àánú tí ó dópin níbi tí ipin ti tán, ojú ara wa tí kò fẹ́ rí ipin ni a ṣàánú. Àrùn lè tún padà, a ó tún bẹ̀rẹ̀ oògùn, gbogbo ìgbà tí a bá sì bẹ̀rẹ̀ ni àìmọye bakitéríà mìíràn tí ń gbé ìfun àti awọ ara ológbò jẹ́jẹ́ wọn ń bá a pàdé. Àwọn tí kò lágbára yóò kú, àwọn díẹ̀ tí oògùn kò ràn yóò jogún ilé, wọ́n sì lè fi ohun tí ó gbà wọ́n là ta ara wọn lọ́rẹ, kódà fún bakitéríà tí kì í ṣe ẹ̀yà wọn. Ènìyàn àti ológbò tí ń gbé inú ilé kan náà a sì máa kó irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ ran ara wọn. Ẹni tí ó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá.

Ìgbà kan wà tí ó jẹ́ pé kí àǹtíbáyótíìkì má tó ni ẹ̀rù. Ní Oxford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Kejì ọdún 1941, ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ Albert Alexander wà lórí ibùsùn. Bakitéríà ti ba ojú àti orí rẹ̀ jẹ́, wọ́n sì ti yọ ẹyinjú rẹ̀ kan. Wọ́n fún un ní pẹnisilíìnì, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ṣùgbọ́n oògùn náà ṣọ̀wọ́n débi pé inú ìtọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń sẹ́ ẹ padà láti tún fún un. Oògùn tán kí àrùn tó tán, ọkùnrin náà sì kú ní oṣù Kẹta. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1945, nígbà tí Alexander Fleming, ẹni tí ó ṣàwárí pẹnisilíìnì ní 1928, lọ gba ẹ̀bùn Nobel ní Stockholm, oògùn ti ń pọ̀, ẹ̀rù tí ó sì bà á ti yí padà. Ó pa ìtàn ọkùnrin kan fún wọn, tí ọ̀fun ń dùn, tí ó lo pẹnisilíìnì díẹ̀ tí kò tó láti pa kòkòrò, tí kòkòrò tí ó ti mọ oògùn lójú ran ìyàwó rẹ̀, tí ìyàwó sì kú. Ta ni ó pa á? Fleming ní ọkọ ni.

Ọkọ yẹn kò kórìíra ìyàwó rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le nìyẹn, nítorí ìwà ìkà ni ẹ̀rí ọkàn wa mọ̀ ọ́n dá lẹ́jọ́, kò mọ ìdájọ́ ìdajì oògùn. Ẹni tí a pa lára lónìí sì jìnnà ju ìyàwó lọ. Ó lè jẹ́ àjèjì, ó sì lè jẹ́ ọmọ tí a kò tíì bí. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń ta omi sílẹ̀ fún baba tí ó ti lọ, tí a sì ń gbin orógbó tí ọmọ ọmọ ni yóò jẹ ẹ́, a kò lè sọ pé ẹni tí a kò rí kò kàn wá.

Àwọn kan wí pé kí a kúkú fi oògùn sílẹ̀ fún ènìyàn. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2022 ni òfin oògùn ẹranko tuntun ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, èyí tí ó fàyè gbà kí a ya àwọn àǹtíbáyótíìkì kan sọ́tọ̀ fún ènìyàn nìkan, mo sì rí i pé ó tọ́. Ṣùgbọ́n kí a fi gbogbo rẹ̀ du ológbò kò tọ́, pàápàá láti ẹnu àwa tí a ń tú kápúsù tẹtirasáíkílìn dà sójú egbò, tí a sì ń kán àǹtíbáyótíìkì sójú nígbà Àpólò, àrùn tí ó jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ológbò, bí ojú rẹ̀ bá pọ́n, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran kí ẹ tó ya kẹ́míìsì. Bí apá yín kò bá ká owó oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kí ẹ tó fún ológbò ní ẹyọ kan.