Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Kí Oúnjẹ Dùn?

Nínú ìjọ Áńgílíkà tí mò ń lọ ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, àwọn kan gbà pé oúnjẹ tó bá ti dùn jù, ẹran ara ló ń bọ́, kì í ṣe ẹ̀mí. Bí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bá ti dé báyìí, ẹ̀pà lílọ̀ tí mo máa ń kó sínú ìgò fún búrẹ́dì àárọ̀ a di ọ̀rọ̀. Wọ́n á ní, “Màmá, ẹ lọ̀ ọ́ lásán, ẹ fi oyin àti atalẹ̀ sílẹ̀.” Èmi kì í fi wọ́n rẹ́rìn-ín, torí ìbéèrè gidi ni wọ́n ń bi mí: adùn ẹnu, ṣé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni àbí ìdẹkùn?

Dókítà John Harvey Kellogg, ará Amẹ́ríkà, ti dáhùn ìbéèrè yìí láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ọmọ ìjọ Adventist Ọjọ́ Keje ni, kí wọ́n tó yọ ọ́ nínú ìjọ ní 1907. Ó ń darí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Battle Creek, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ó sì ní kí àwọn aláìsàn rẹ̀ fi ẹran sílẹ̀. Ẹ̀pà wà lára ohun tó fi dípò ẹran. Ní 1895, ó kọ̀wé sí ìjọba láti gba ẹ̀tọ́ lórí bó ṣe ń lọ̀ ọ́. Sísè ló ń se ẹ̀pà tirẹ̀, kì í yan án. Lójú rẹ̀, ata àti èròjà amóúnjẹ-ta-sánsán a máa ru ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ sókè. Ohun tó tẹ́ ló mọ́.

Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n mi ò gbà fún un. Ẹ wo ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ: a ó fi oyin kàn án lẹ́nu, a ó fi iyọ̀ kàn án lẹ́nu, ataare náà á wà níkàlẹ̀. Àwọn àgbà wa kì í fi ẹnu gbàdúrà lásán, wọ́n ń fi ẹnu tọ́ ọ wò pẹ̀lú. Mánà inú aginjù ńkọ́? Bíbélì sọ pé adùn oyin wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ ebi nìkan ni Ọlọ́run fẹ́ lé kúrò níkùn àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, èyí tó tẹ́ ì bá tó wọn.

Síbẹ̀, ìdí atẹ ẹ̀pà ni mo ti rí i pé ìfura Kellogg kì í ṣe lásán. Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú ẹ̀pà wa ti ń wá. Bí òjò bá pa àpò rẹ̀ lọ́nà, ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Bí mo bá ti yan án nínú iyanrìn gbígbóná, tí mo bó èèpo rẹ̀, tí mo fẹ́ ẹ tán, màá tẹ́ ẹ sójú oòrùn, màá máa ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: èyí tó sunkì, èyí tó dúdú, èyí tó bu. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ẹ̀pà bíbu tó wà nínú oúnjẹ wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tí yíyan kì í sì í pa tán. Ẹ̀pà tó bu sábà máa ń korò. Ìkìlọ̀ ni kíkorò yẹn. Ẹni tó bá da oyin lé e ti pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí nínú oyin. Iṣẹ́ tí a bá rán an ni kí a wò. Bí a ṣe ń fi orin àti agbádá ṣe ìdúpẹ́ fún owó tí ẹnikẹ́ni kò béèrè orísun rẹ̀, oyin orí ẹ̀pà bíbu náà nìyẹn. Ẹni tó sì ń jẹ ohun tó tẹ́ torí kó lè máa wo ẹlòmíì bí ẹlẹ́ṣẹ̀, òun náà ní adùn tirẹ̀ tó ń lá níkọ̀kọ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nílé ìdáná mi: a ó tọ́ ẹ̀pà wò kí oyin tó kàn án. Bó bá dára lásán, atalẹ̀, oyin àti ata díẹ̀ di ọpẹ́. Bí kò bá dára, màá dà á nù bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn mí, mi ò sì ní dà á fún adìẹ ẹnikẹ́ni.