Ta Ni Yóò San Gbèsè Ààtàn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọ̀rọ̀ náà le létí, ṣùgbọ́n a kò rí èyí tó bá ọ̀ràn ààtàn Agoè-Nyivé mu jù ú lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó pàǹtírí Lomé lọ: èèpo ẹ̀gẹ́, ọ̀rá omi, bátìrì tó ti kú, àjẹkù ọjà Assigamé. Ní ọdún 2018, wọ́n ṣí ibi ìkódọ̀tísí tuntun sí Aképé, lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti tẹ́ nǹkan sí abẹ́ kí oró má baà rì wọ inú ilẹ̀. Owó ètò náà wá láti ọ̀dọ̀ AFD, ilé-iṣẹ́ ìdàgbàsókè ti ilẹ̀ Faransé, láti ọ̀dọ̀ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, àti láti ọ̀dọ̀ BOAD, báǹkì tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Lomé wa níhìn-ín. Wọ́n pa ààtàn Agoè dé. Àmọ́ ilẹ̀ tí ààtàn ti bàjẹ́ kì í sàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù fún wa: ta ló jẹ gbèsè ilẹ̀ náà, ta ni yóò sì jẹ èrè rẹ̀ bí ó bá sunwọ̀n?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Òjò a máa rọ̀ sórí òkìtì, a máa gba inú rẹ̀ kọjá, a sì di omi dúdú tó lè gbé òjé àti àwọn oró mìíràn dání lọ sínú omi kànga. Afẹ́fẹ́ tó lè gbiná ń ti inú rẹ̀ jáde. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi amọ̀ bo irú òkìtì bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń ri páìpù mọ́ inú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ náà lè rọ́nà jáde, tí wọ́n sì ń yẹ omi àyíká wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilẹ̀ náà yóò máa rì díẹ̀díẹ̀. Ọgbà lè wà lórí rẹ̀. Ilé alájà kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Iṣẹ́ yìí ń ná owó, kò sì ní ẹwà tí olóṣèlú lè ya àwòrán níwájú rẹ̀.

Òfin àyíká Tógò ti ọdún 2008 gba ìlànà pé ẹni tó ba àyíká jẹ́ ni kí ó san owó àtúnṣe. Níbi tí ojú bá ti tó ọ̀daràn, ìlànà yìí dára. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, wọ́n da ẹ̀gbin olóró tí ọkọ̀ ojú omi Probo Koala gbé wá sí oríṣiríṣi ibi ní Abidjan, títí kan ààtàn ńlá Akouédo. Àwọn tó sáré lọ gba ìtọ́jú lé ní 100 000. Ní ọdún 2007, Trafigura, ilé-iṣẹ́ tó háyà ọkọ̀ náà, san 95 bílíọ̀nù fáráńkì CFA fún ìjọba Côte d'Ivoire, láì gbà pé òun jẹ̀bi. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1980 bu owó orí lé àwọn ilé-iṣẹ́ epo àti kẹ́míkà, kí wọ́n lè fi tún ilẹ̀ tí ẹni tó bà á jẹ́ ti pòórá ṣe. Owó orí náà dópin ní ọdún 1995, ẹrù sì bọ́ sọ́rùn gbogbo ìlú, títí òfin ọdún 2021 fi dá ti kẹ́míkà padà.

Ní Agoè, kò sí ọkọ̀ tí a lè tọ́ka sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Terminale a máa fẹ́ kí á dárúkọ ọ̀daràn kan ṣoṣo. Ìbá rọrùn bẹ́ẹ̀. Àwa la dà á síbẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò dà á bákan náà. Ilé tó ń rajà púpọ̀ ló ń da ìdọ̀tí púpọ̀, ilé náà kì í sì í sábà wà lẹ́bàá ààtàn. Èéfín rẹ̀ ni àwọn aládùúgbò fà símú, àwọn obìnrin àti ọmọdé tó ń ṣa irin àti ike sì fi ọwọ́ lásán wá oúnjẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá fi owó ìlú tún ibẹ̀ ṣe, sàráà kọ́ là ń ṣe fún wọn. Gbèsè là ń san.

Àwọn kan yóò sọ pé ilé ìwòsàn kò tó, pé kíláàsì kún àkúnya, kí ló dé tí a ó fi ri owó mọ́ ilẹ̀ ìdọ̀tí? Olùkọ́ ni wá. A mọ kíláàsì tó kún àkúnya. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mu omi kànga olóró yóò dé ilé ìwòsàn kan náà yẹn, yóò sì jókòó nínú kíláàsì kan náà. A gbà pé kí wọ́n má ṣe ju ohun tó tọ́ lọ: ìbòrí amọ̀, páìpù, ìyẹ̀wò omi. Odò àtọwọ́dá àti iná aláràbarà lè dúró.

Èrè ilẹ̀ náà ló nira jù. Ilẹ̀ tó ń rùn kì í wọ́n. Bí òórùn bá lọ, owó orí rẹ̀ a gòkè. Ẹni tó ti ra ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ nígbà tí gbogbo ayé ń bo imú yóò di olówó lórí owó ìlú, láì fi ọkọ́ kan bu yẹ̀pẹ̀. Ayálégbé tó fara da òórùn náà ni onílé yóò kọ́kọ́ fi owó ilé lé jáde. Òfin ilẹ̀ tí Tógò ṣe ní oṣù kẹfà ọdún 2018 ń dáàbò bo ẹni tó ní ìwé; ayálégbé kò ní ìwé kankan lórí ilẹ̀. Àwa ará Lomé sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ènìyàn nípò: láàárín àwọn ọdún 1970 ni wọ́n kó Zongo kúrò láàárín ìlú lọ sí Togblékopé.

Èrò tiwa ni pé ilẹ̀ tí àpò gbogbo ènìyàn bá fọ̀ mọ́, ọwọ́ gbogbo ènìyàn ni kí ó wà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tà á. Kí ìlú gba díẹ̀ lára èrè tí àwọn onílẹ̀ àyíká bá jẹ. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí fáráńkì àkọ́kọ́ tó jáde, irú ààbò tí ayálégbé yóò ní àti iṣẹ́ tí àwọn tó ń ṣa ààtàn yóò rí ṣe.

Òfin Yúróòpù retí pé kí wọ́n tọ́jú ààtàn tí wọ́n ti pa dé fún ọgbọ̀n ọdún ó kéré tán. Bí a bá tẹ̀ lé e, ọmọ tó wà ní Terminale lọ́dún tí wọ́n pa ààtàn náà dé yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́ta ọdún nígbà tí wọ́n bá yẹ omi Agoè wò kẹ́yìn. Láti ìsinsìnyí ló yẹ kí owó ìyẹ̀wò náà ti wà nínú ètò ìnáwó ìlú, ní àyè tirẹ̀, nítorí ẹni tó yá wa lówó yóò ti palẹ̀ mọ́ lọ sílé kí ọjọ́ náà tó pé.