Ìṣó Orí Bátìrì

Àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Èmi rò pé èèyàn nìkan ni òwe yìí ń bá wí, àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìn-ín-ní, tí ọyẹ́ bo àwọn àpáta Mopa lójú, tí Land Rover àbúrò bàbá mi sì kọ̀ tí kò jí. Bàbá, bí mo ṣe ń pe àbúrò bàbá mi yìí, yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dáhùn: tà-tà-tà. Ó tún un yí: tà. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọmọdé. Series III ni, irú èyí tí wọ́n ṣe láàrin 1971 sí 1985, dísẹ́ẹ̀lì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu. Láti 1948 ni Land Rover ti dé ayé, Leyland Nigeria pàápàá tò ó ní Ìbàdàn nígbà kan. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ bàbá sì lákìísà lóòótọ́: wáyà tí wọ́n fi téèpù wé, rọ́bà tí wọ́n fi okùn so, bóòtù tí kì í ṣe ti ibi tó wà. Síbẹ̀ òun ló ń kó kaṣú wálé láti oko, lójú ọ̀nà tó jẹ́ àpáta níhìn-ín, tó jẹ́ ẹrẹ̀ pupa lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn ọkọ̀ dídán kì í yà sí.

Bó ti kọ̀ báyìí, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ti dá ẹjọ́ tán. "Bátìrì ti kú." Ta ni yóò jiyàn? A lọ ra tuntun ní Kabba, owó rẹ̀ sì mú bàbá dákẹ́ fún odidi ọjọ́ kan. Ọkọ̀ jí fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, tà. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà tún jáde wá tì í, àwọn kan sì ti ń sọ pé bátìrì tuntun náà ò dáa, pé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bátìrì méjì ti wà ní àtìmọ́lé, olè gan-an wà níbi tó wà, ó ń wò wá.

Ríwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tó yọ wá kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ọ̀rọ̀ kò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó fa mítà yọ, ó wọn bátìrì: volt 12.6, ó kún dẹ́nu. Ohun tó ṣe tẹ̀ lé e, n kò rí mẹkáníìkì kankan kó ṣe é rí. Ó fi ẹnu mítà kan kan òjé tó yọrí lórí bátìrì, ó fi ẹnu kejì kan irin tó di òjé náà mú, ó ní kí bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Nǹkan méjì tó fara kanra rèé, kò yẹ kí mítà rí ohunkóhun láàrin wọn. Ó rí volt méjì. "Olè rèé, bàbá," ló wí.

A bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ìṣó ni. Orí bátìrì irú ti Japan tín-ín-rín ju irú ti Yúróòpù tí irin ọkọ̀ yìí ń fẹ́. Ẹnì kan, nígbà kan, rí i pé irin náà ń mì lórí bátìrì, ó gbá ìṣó sáàrin wọn, ó nu ọwọ́, ó gba owó, ó lọ. Nígbà tí wọ́n gbé bátìrì tuntun wọlé, ìṣó kan náà ni wọ́n dá padà síbẹ̀! Ìyẹ̀fun funfun ti hù bò ó, àwọ̀ ewé sì ti gba ẹnu wáyà kan.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Sítátà ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì lè fa 300 amp lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìdènà tó wà lójú oríkèé kan bá jẹ́ ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ohm, volt mẹ́ta ti sọnù níbẹ̀. Nínú 12, ó ku 9, ó sì ṣòro kí sítátà fi 9 yí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó ti tutù mọ́jú. Mẹ́ta tó sọnù yẹn di ooru, watt 900, bíi kí ẹ gbé áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ lé orí bátìrì. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ti oríkèé yìí ń gbóná, kò sì jẹ ata kankan.

Wáyà ńkọ́? Ó nípọn, ó pupa bíi bàbà. Ọmọ ríwáyà náà fi abẹ́ fá fọ́nrán kan, funfun yọ lábẹ́ rẹ̀: alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bí alumíníọ̀mù àti bàbà bá sanra bákan náà, nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí bàbà lè gbé ni alumíníọ̀mù lè gbé. Àtàrí àjànàkú ni 300 amp, ọmọdé ni wọ́n gbé e rù.

Òwe kan wà tí a fi ń gbèjà ìṣó yìí, mo sì fẹ́ bá òwe náà jà díẹ̀. Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹni tó pa á kò purọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ ọ lójú ọ̀nà Takete-Ide, tí kò sí ríwáyà nítòsí, gbá ìṣó sí i, kí o máa bọ̀ nílé; ẹbọ ọjọ́ náà kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni òwe náà ti sọ pé bí àdán bá dé, kí a má wojú rẹ̀ mọ́? Mo bi bàbá pé láti ìgbà wo ni ìṣó ti wà níbẹ̀. Kò rántí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. A yá ilé sùn mọ́jú, a wá sọ ọ́ di ilé baba wa. "Mánẹ́jì ẹ̀" tí àwọn tó ṣáájú wa ń fi ìtìjú sọ, àwa ń fi yangàn.

Ìpínlẹ̀ Kogi tí a wà yìí náà ni Ajaokuta wà. Lọ́dún 1979 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ irin náà sílẹ̀. Ní 1994, wọ́n ní iṣẹ́ ti dé ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìléru ńlá ibẹ̀ kò tíì yọ́ irin títí di àsìkò tí mò ń kọ èyí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ajaokuta ju ọ̀rọ̀ wáyà lọ. Òṣèlú wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀, ẹjọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ 98 yẹn, orí bátìrì ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Bátìrì tó kún, sítátà tó le, dísẹ́ẹ̀lì nínú táńkì, àwọn ni 98. Ìṣó ni méjì tó kù.

Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Orí tó ní àmì ìyọkúrò ni ọmọ náà kọ́kọ́ tú, òun náà ló sì so kẹ́yìn, nítorí bí sípánà bá wà lórí kejì tó sì fara kan ara ọkọ̀, iná á ṣẹ́, gáàsì tí bátìrì ń tú síta sì lè bú gbàù. Ó po báákìn sódà mọ́ omi gbígbóná, ó fọ orí méjèèjì, wọ́n hó yàà. Ó gbé wáyà bàbà gidi jáde, èyí tí ojú ibi tí wọ́n gé e jẹ́ mílímítà 50 níbùú lóròó (50 mm²). Ẹ gbé e wò lọ́wọ́ ná, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹgbẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ ló fi fún òrùka bàbà mọ́ ẹnu rẹ̀, kò fi òòlù lù ú. Nígbà tó fún ẹnu kan tán, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé fọ́nrán kan ṣoṣo yọrí síta. Ó gé ẹnu wáyà náà sọnù, ó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Oòrùn ti mú bàbá. "Ọmọ mi, ta ni yóò rí fọ́nrán kan?"

"Ásíìdì á rí i, bàbá."

Níbi wáyà ẹ́ẹ̀tì ló ti pẹ́ jù. Bí okùn gùn bí kò gùn, ó níbi tí a ti fà á wá: iná tó jáde lórí kan gbọ́dọ̀ padà sí orí kejì, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń tọ́jú àlọ, wọn kì í rántí àbọ̀. Orí ọ̀dà àti ìpẹtà ni wọ́n so ti bàbá mọ́ lára ṣáásì. Ó ha ojú ibẹ̀ títí ó fi ń kọ mànà. Ó tún fa wáyà mìíràn láti ara ẹ́ńjìnnì sí ṣáásì, torí pé rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, rọ́bà kì í sì í gbé iná.

Ibẹ̀ ló ti dá àwàdà tí a ṣì ń fi bú ara wa nílé. Nílẹ̀ wa, "Okun o" la fi ń kí ara wa, òun náà ló di orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo wa, àti Yàgbà, àti Ìjùmú, àti Bùnú. Ó wo bátìrì tuntun, ó wo bàbá, ó ní: "Ẹ lókun, bàbá. Okùn lẹ ò ní."

Bí nǹkan ti wá dùn mọ́ bàbá, ó fẹ́ ṣàṣejù. Ó ti rí irin orí bátìrì aláwọ̀ wúrà nínú ọkọ̀ ọmọ Àbújá kan, irú rẹ̀ ló fẹ́. Ọmọ náà kọ̀. Ó ní àwọ̀ kọ́ ló ń gbẹ́rù, pé òjé lásán tó bá wọ orí bátìrì gẹ́ẹ́ sàn ju wúrà tó ń mì lọ. Idẹ ló fi sí i, ìwọ̀n tó bá orí tín-ín-rín náà mu, ó dè é, ó wá fi gíríìsì pa á lẹ́yìn tó dè é tán. Mo fẹ́ràn kíkọ̀ yẹn ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó mọṣẹ́ mọ ibi tó ti tó. Aláṣejù àti ẹlẹ́mànẹ́jì, ọmọ ìyá ni wọ́n, kò sí èyí tó wo ohun tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń béèrè.

Ó tún gbé mítà sáàrin òjé àti irin. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira rárá.

Bátìrì àtijọ́ tí gbogbo àdúgbò ti sìnkú rẹ̀, a fi í sí ṣáàjì mọ́jú, a gbé e padà sínú ọkọ̀. Òun la fi kó kaṣú ọdún yẹn wálé. Tuntun la tà, a sì pàdánù lórí rẹ̀.